Ìpè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gbọ́

Yàrá tí a ti ń so ìpè pọ̀ wà lókè pátápátá, lórí àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta sítáǹbù. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga débi pé ẹni tó bá pẹ́ dé kò lè purọ́ fún ọ̀gá. Mímí rẹ̀ ni yóò tú u fó. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Níbi tí mo ń gbé báyìí, ọmọ tí kò tíì lè wẹ ara rẹ̀ ti ní fóònù lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni so nǹkan kan pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, mo ṣì ń gbóòórùn yàrá náà: eruku tó gbóná lára wáyà, ìpara ọwọ́ àwọn obìnrin, àti rọ́bà agbọ́rọ̀sétí tí òógùn ti mu yó.

Bọ́ọ̀dù kan ló gùn láti ògiri dé ògiri, tí ihò kéékèèké kún ojú rẹ̀ bí afárá oyin. Àwa obìnrin jókòó níwájú rẹ̀, èjìká kan èjìká. Bí ẹnì kan bá gbé fóònù nílé rẹ̀ tàbí níbi iṣẹ́, gílóòbù kékeré kan á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tirẹ̀. Wàá ki orí okùn kan bọ ibẹ̀, wàá béèrè ẹni tó ń wá, wàá ki orí okùn kejì bọ ihò ẹni yẹn. Lẹ́yìn náà ni òfin tó ga jù nínú yàrá náà máa ń bẹ̀rẹ̀. O gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì ìgbọ́rọ̀ sílẹ̀, kí etí rẹ kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kì í ṣe tìẹ. “So wọ́n pọ̀, kí o jáde,” ni ọ̀gá wa máa ń sọ bí ẹni ń kí ni káàárọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀, àga rẹ̀ bọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá náà, Ọ̀gá Ìdúró ni à ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ẹni tó rí i tó jókòó rí. Ẹ̀yìn wa ló máa ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú bàtà tí kì í dún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ń pè ní Ìyá Wáyà. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú, òun ló mú mi wọ ibi iṣẹ́ náà, àga rẹ̀ àti tèmi sì fara kanra. Kò bímọ. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, ti kú. Bí o bá gba àga yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tó kù tó lè pè ní tirẹ̀.

Inú ló sì fẹ́ gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ á wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po tí wọ́n gbàgbé síbi ooru. Á fún un mọ́ra bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Lẹ́yìn náà á ní kó dìde, nísinsìnyí, kì í ṣe tó bá yá. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra ní òwúrọ̀ kan, kó sì tún wà fún ọjọ́ bíi mélòó kan tí kò ní í lè yàgbẹ́ rárá. Ó mọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà láàárín ilé wa àti ibi iṣẹ́ bí awakọ̀ ti ń mọ kòtò ojú ọ̀nà. Ó ti fi mílíìkì sílẹ̀, ó ti fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó ti fi ata sílẹ̀. Ó tó àkókò kan tí mo sọ fún un pé, “Àǹtí mi, ó kù kí ẹ fi omi sílẹ̀.” Ó ní, “Omi gan-an ni mo ń fura sí.”

Lọ́jọ́ kan ó dìde nígbà tí oníbàárà kan ṣì ń dúró kó so òun pọ̀. Ọkùnrin náà, olówó ilé iṣẹ́ bíríkì, fi igbe ta lórí fóònù títí gbogbo yàrá fi gbọ́. Ọ̀gá Ìdúró wá dúró lẹ́yìn àga ẹ̀gbọ́n mi.

“Ìyá Wáyà, bọ́ọ̀dù tuntun ń bọ̀. Àga tó máa wà níwájú rẹ̀ kò ní í tó ti àtijọ́. Ẹni tó bá lè jókòó ni màá fi jókòó.”

“Ẹ̀yin tí ẹ kì í jókòó ńkọ́, sà?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín sínú agbọ́rọ̀sétí. Òun náà fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní, “Bí o bá tún dìde lórí ìpè, ìsàlẹ̀ lò ń lọ.”

Ìsàlẹ̀ ni yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí wọ́n ń kó àwọn fóònù tó ti kú sí, lórí pẹpẹ, etí wọn kọjú sí ògiri. Kò sí fèrèsé. Ẹni tó wà níbẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbà pé òun máa lọ rí dókítà.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wo ìgbẹ́, wọ́n ki ohun gígùn kan tó ní iná lórí bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. Dókítà inú ní òun kò rí egbò, òun kò rí kókó. “Ìfun yín le koko, ìyá. Ó kàn máa ń bínú ni.”

“Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?” ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní wáyà kan wà láàárín orí àti ìfun ènìyàn, àti pé ti ẹ̀gbọ́n mi ti ń pariwo jù. Ohun tó yẹ kó dé orí bí eṣinṣin ló ń dé bí ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní dókítà mìíràn wà nílé ìwòsàn náà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rọ irú wáyà bẹ́ẹ̀ lójú.

Nígbà tí a jáde, ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí àtẹ̀gùn. “O gbọ́ ọ? Wọ́n ní mo ti ń ya wèrè. Wọ́n kàn fi wáyà bò ó mọ́lẹ̀ kó má baà dùn mí.”

“Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi.”

“Wọn ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wáyà ni wọ́n sọ, èmi ni mo sì ni wáyà. Ó dáa. A ó lọ wò ó.”

Yàrá dókítà kejì wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí tẹ́lẹ̀. Pẹpẹ onígi ṣì yí ògiri ká, òfìfo, ó sì ń rùn bí ọṣẹ. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń bá ọmọ tó ti sùn sọ̀rọ̀ lọ. Kí a tó délé ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ ní Dókítà Jẹ́jẹ́.

“Ìrora yín kì í ṣe irọ́,” ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, mo sì rí i tí èjìká ẹ̀gbọ́n mi rọ̀ díẹ̀. “Inú yín ló ti ń bẹ̀rẹ̀, orí yín ló ń sọ ọ́ di ńlá, ìbẹ̀rù á wá kó wọn pọ̀. A máa kọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ẹ ò ní í sùn. Ẹ ò sì ní í ṣe ohunkóhun tí ẹ ò bá fẹ́.”

Ó ní kó fara ti ẹ̀yìn àga, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn.

“Ẹ jẹ́ kó móoru lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ máa mí bí ẹni tí kò sí ibi tó ń kánjú lọ. Ẹ wo ìfun yín bí odò. Níbi kan ó ń sáré, níbi kan òkúta dí i lọ́nà. Ẹ wò ó bó ṣe ń wá ọ̀nà tirẹ̀, láìbá ẹnikẹ́ni jà.”

Èmi tí mo jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ojú mi ti ń wúwo. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi ti pa dé láti orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bí ìgbà tí ènìyàn pa iná. Kò pẹ́, inú rẹ̀ dún. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì gùn. Nígbà tí Dókítà Jẹ́jẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, inú náà dákẹ́. Nígbà tí gbólóhùn náà parí, ó tún dún.

“Ó ń fèsì,” ni mo sọ kẹ́lẹ́.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìfun tó ń rìn máa ń dún. Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ó ka oókan dé aárùn-ún láti pè é padà. Ẹ̀gbọ́n mi la ojú, ó wo aago ara ògiri, ó ní, “Ṣé wọ́n ti parí?” Kò sí ẹni tó kíyè sí i pé kò sọ pé “Ṣé a ti parí?”

Wọ́n fún wa ní kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn dókítà wà nínú rẹ̀, kó máa gbọ́ ọ nílé lójoojúmọ́. Ọ̀sán ló máa ń gbọ́ ọ, bí a bá ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ dé. Á fa aṣọ fèrèsé, á dùbúlẹ̀, á tẹ ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ náà sì ń jẹ́, èèyàn ò gbọdọ̀ purọ́. Ìwúsókè inú náà dín kù. Ó ń jẹun. Ó ń jókòó. Obìnrin ẹlẹ́fẹ̀ kan tí àga rẹ̀ wà lápá kejì bi í pé, “Ìyá Wáyà, ṣé wọ́n fi ìṣó kàn yín mọ́ àga ni?”

“Ó ṣì ku ìṣó kan,” ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. “Ẹnu rẹ ni mo pa á mọ́ dè.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ṣa ìrẹsì nínú àwo, kásẹ́ẹ̀tì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹ̀gbọ́n mi sì ń na apá. Mo ní, “Odò yẹn ti ń ṣàn dáadáa báyìí, àbí?”

“Odò wo?”

“Odò tí dókítà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.”

“Ṣé ọ̀rọ̀ odò ló máa ń sọ?” Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹnu ọ̀nà kejì wà nínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mi orí. “Má sọ fún mi. Èmi kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.”

“Àwọn wo?”

“Òun àti inú mi. Ṣé èmi ló ń wá ni? Inú mi ló ń wá. Mo so wọ́n pọ̀, mo jáde.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ kò ní ẹ̀fẹ̀.

“Ibo lẹ wá máa ń jáde lọ, Àǹtí mi?”

“Ibi tí mo máa ń lọ láti ìgbà tí mo ti ń jókòó níwájú bọ́ọ̀dù. Ìwọ kì í lọ ni?”

Èmi máa ń lọ, ṣùgbọ́n kì í jìnnà ju ohun tí màá sè lálẹ́ lọ. Mi ò mọ̀ pé ibì kan tún wà lẹ́yìn ibẹ̀ tí ènìyàn lè lọ kí etí rẹ̀ má bá a lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó tì í bí ó bá ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Bí ohùn dókítà bá parí, ẹ̀rọ á sọ pó, yàrá á dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi á ṣì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé, ojú náà tútù bí ojú àwòrán. Inú rẹ̀ nìkan ni kì í dákẹ́. Á dún díẹ̀, á dúró. Á dún púpọ̀, á dúró. Ìdúró náà kò gùn bákan náà. Mo ti lo ìdajì ayé mi níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí n sì tó tẹ bọ́tìnnì, etí mi ti máa ń gbọ́ díẹ̀; mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ènìyàn bá dákẹ́ torí pé ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀. Kò sí ohùn kankan nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n inú ẹ̀gbọ́n mi ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ní ìparí, á dún lẹ́ẹ̀mejì ní kúkúrú, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì wọ̀ létí tó ń sọ pé “Ẹ̀n? Ẹ̀n?” Bákan náà ni lójoojúmọ́. Ìpè kan náà ni.

Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, mo sọ ọ́ fún Dókítà Jẹ́jẹ́ níwájú ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó jẹ́ ti pé kì í gbọ́, àti èyí tó jẹ́ ti pé inú ń dá sọ̀rọ̀. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Ta ni mo wá ti ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?”

“Ẹni tí ẹ ń wá náà ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. “Ṣebí ara mi ń yá.”

“Ó ń yá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́ mi. Àìsàn yìí kì í fẹ́ kí ènìyàn sá kúrò nínú ara rẹ̀.” Ó wá béèrè ìgbà tí inú náà ṣì máa ń gbé e dìde, torí ó ṣì ku ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò mọ̀, ó kàn máa ń dé ni. Dókítà yíjú sí mi. Ó ní kí n máa wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

Mo wò ó. Kí ohun tí mo rí tó lè yé yín, ó yẹ kí n sọ bí ìpè ṣe máa ń parí. Bí àwọn méjèèjì bá ti gbé fóònù wọn sílẹ̀, gílóòbù méjì á tàn nídìí okùn rẹ. Ìgbà yẹn ni wàá fa okùn yọ. Ṣùgbọ́n ìpè kan wà tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó pè ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè kò gbé e sílẹ̀, torí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ikú ẹni rẹ̀ ni wọ́n túfọ̀ fún un. Ìhà ilé ìwòsàn ni irú rẹ̀ ti sábà máa ń wá.

Àwọn ìpè yẹn ló ń gbé ẹ̀gbọ́n mi dìde. Kì í ṣe gbogbo ìpè ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì lè pe ọkọ rẹ̀, dókítà lè pe mẹkáníìkì, inú ẹ̀gbọ́n mi kò ní í mira. Ṣùgbọ́n bí ó bá di èyí tí gílóòbù kan ṣoṣo máa gbẹ̀yìn rẹ̀, inú náà á ti mú un kí ìpè náà tó parí. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tó bọ́ agbọ́rọ̀sétí, tó dìde, tó ń lọ. Mo wo bọ́ọ̀dù rẹ̀. Kò sí gílóòbù kankan tó tàn. Kò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ti ilé ìwòsàn fi tàn. Èmi ni mo na ọwọ́ so ìpè náà. Èmi ni mo rí gílóòbù kan tó dá tàn ní ìparí rẹ̀.

Ọ̀gá Ìdúró wà lẹ́yìn wa. “Kò dìde lórí ìpè, sà,” ni mo sọ.

“Mo rí i,” ni ó wí. “Mi ò wá mọ ohun tó dìde lé lórí.” Ó ní bọ́ọ̀dù tuntun ti wà lójú ọ̀nà.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sọ fún Dókítà Jẹ́jẹ́. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí inú náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo pẹpẹ òfìfo yẹn. Mo mọ ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo ni ín.

“Ọkọ mi ṣe jàm̀bá pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Ilé ìwòsàn pe ṣọ́ọ̀bù onílé wa, ibẹ̀ nìkan ni fóònù wà ládùúgbò. Èmi ni mo wà lórí bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n so àwọn pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, mo so wọ́n pọ̀. Mo jáde. Gílóòbù kan tàn, èkejì kò tàn. Mo ní, áà, wọ́n ti pàdánù ènìyàn kan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fa okùn yọ. Mo so ìpè títí iṣẹ́ fi parí. Ìgbà tí mo délé, tí mo rí bàtà lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ni mo tó mọ̀.”

“Ẹ ò gbọ́ ọ,” ni dókítà wí.

“Òfin ni. Àwọn ènìyàn fi ń yìn mí lẹ́yìn náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yìn mí.”

Dókítà Jẹ́jẹ́ sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. “Mi ò ní í fi tipá mú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ dúró lórí àga yẹn, ẹ dúró lórí wáyà lónìí. Bí mo bá ń bá inú yín sọ̀rọ̀, ẹ má jáde. Ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́, èmi wà níbí, àbúrò yín wà níbí.”

Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Ó gbé e lé ikùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ kò pa dé bọ̀rọ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà ń sọ ọ̀rọ̀ odò, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Inú náà dún. Ó dákẹ́. Ó tún dún, mo sì mọ̀ pé ìpè náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu.

“Hẹ́lò. Ṣé ibi tí awakọ̀ akẹ́rù ń gbé nìyí?”

Kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin ni, ó tinrín, ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Ibí ni. Onílé ló ń sọ̀rọ̀.” Ikọ́ kan tẹ̀ lé e, ikọ́ gbígbẹ tí onílé wa máa ń wú kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ikọ́ yẹn láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní gbogbo òwúrọ̀.

“Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, bàbá?”

“Ó ti lọ síbi iṣẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ó ti kú, bàbá. Láìpẹ́ yìí ni.”

“Ẹ̀n?”

“Ó béèrè pé aago mélòó ni ìyàwó òun máa ń parí iṣẹ́. A sọ fún un pé a máa wá a. Kò dúró dè wá.”

“Ẹ̀n?”

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Dókítà Jẹ́jẹ́ ti funfun lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó kà á padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi la ojú. Omi ń jáde níbẹ̀, kò nù ún.

“Mo gbọ́,” ni ó wí. “Ó béèrè mi.”

Nígbà tí a délé, mo dọ́gbọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bi onílé wa ohun tí wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ tí awakọ̀ kú. Ó wú ikọ́ rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ló pè, ó ní kí òun jókòó. “Ó tún sọ nǹkan kan,” ni ó wí, “tí mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan títí dòní, kó má baà ba ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́kàn jẹ́. Ó ní ọkùnrin náà ń béèrè aago tí ìyàwó rẹ̀ máa parí iṣẹ́.”

Mi ò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń po ẹ̀kọ, kò dáwọ́ dúró.

“Bóyá mo gbọ́ lọ́jọ́ náà,” ni ó wí. “Bóyá ọwọ́ mi kò tẹ bọ́tìnnì yẹn dé ìsàlẹ̀. Tàbí ó tẹ̀ ẹ́, tí nǹkan mìíràn nínú mi kọ̀ tí kò jáde. Mi ò mọ̀. Bu tìẹ.”

Inú náà sàn. Kò wú mọ́, kò fún un mọ́, kò gbé e dìde. Bọ́ọ̀dù tuntun dé, ó ń dán, ó ń rùn bí ọ̀dà. Ọ̀gá Ìdúró pín àga, ó fi ẹ̀gbọ́n mi sí àárín gbùngbùn. Mo rí i bó ṣe fi ọwọ́ pa apá àga náà bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹran ọ̀sìn lára. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nígbà tí ilé ìwòsàn béèrè fún ilé iṣẹ́ bíríkì. Ẹ̀gbọ́n mi so wọ́n pọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì sílẹ̀. Mo ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Gílóòbù kan tàn. Èkejì kò tàn. Tẹ́lẹ̀ rí, inú rẹ̀ ì bá ti gbé e dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dé orí okùn láti fà á yọ, ó sì dúró síbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kejì lé ikùn, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó ṣí bọ́tìnnì ìgbọ́rọ̀.

“Bàbá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju ti ẹni tó ń bá ọmọ tó ti sùn sọ̀rọ̀ lọ. “Mo wà níbí. Bí ẹ ò bá lè gbé e sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Ó dákẹ́. Kì í ṣe etí ló fi ń gbọ́, ìka rẹ̀ ló ń rìn lórí ikùn. “Ó ní kí wọ́n má ti fèrèsé. Ó fẹ́ máa gbọ́ ariwo ojú títì.”

Ọ̀gá Ìdúró wà lẹ́yìn rẹ̀, a kò sì mọ ìgbà tó dé. Ó jẹ́ kí gílóòbù kejì tàn. Ó jẹ́ kó fa okùn yọ.

“Ìyá Wáyà.”

“Mo mọ̀, sà.” Ó ti ń bọ́ agbọ́rọ̀sétí rẹ̀. Ó gbé e lé apá àga náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, kò sì kánjú.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin àgbàlagbà kan gun àtẹ̀gùn wa. Maígádì ilé iṣẹ́ bíríkì ni. Ó ṣí fìlà, ó ní òun ń wá obìnrin tó bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ òun obìnrin ló kú. Ó ní nígbà tí òun dé ilé ìwòsàn, òun sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ fèrèsé, nọ́ọ̀sì náà sì jókòó sílẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. “Mi ò bá yín jà o,” ni ó wí. “Mo kàn fẹ́ dúpẹ́ ni. Mo sì fẹ́ bi í bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ mi tún kù.”

Ọ̀gá Ìdúró lọ sẹ́nu fèrèsé. Nígbà tó yíjú, ó ní kí n lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó padà wá jókòó. Òun yóò ṣe bí ẹni tí kò rí i. N kò mọ̀ pé ọkùnrin náà lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ó wà láàárín àwọn fóònù tó ti kú, ó ń yí wáyà àtijọ́ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Mo ní, “Àga yín ni ọ̀gá ní kí ẹ padà sí, Àǹtí mi. Àga yín. Ara yín sì ti yá.”

Ó parí wáyà tó ń yí, ó so ó, ó gbé e sórí pẹpẹ.

“Bí mo bá padà síbẹ̀, màá máa gbọ́ gbogbo wọn,” ni ó wí. “O rò pé inú mi ti dákẹ́ ni. Kò dákẹ́. Ó ń tẹ́tí ni.”

Mo béèrè ohun tí màá sọ fún maígádì náà.

“Sọ fún un pé ó tán,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ṣùgbọ́n ó ti gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ kó tó sọ ọ́, kò sì wò mí lójú.